Kírẹ́dìtì Márùn-ún Kò Tíì Sọ Ohun Tí Ilé-Ìwé Ṣe: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Ka Èsì Ìdánwò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ WAEC kéde èsì ìdánwò àṣejáde girama. Nínú 1,969,313 ọmọ tó ṣe é ní Nàìjíríà, wọ́n ní 754,545 péré ló gba kírẹ́dìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún tó ṣáájú, 72.12 ni. Ariwo sọ. Lórí rédíò, àwọn kan ní fóònù ló ba ọmọ jẹ́, àwọn kan ní tíṣà kò kọ́ni mọ́, àwọn mìíràn sì ń dúpẹ́ pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ magomágó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí WAEC fi padà wá bẹ aráàlú. Wọ́n ti pín ìbéèrè sí oríṣiríṣi ẹ̀dà kí ọmọ kan má baà jí ìdáhùn ọmọ kejì wò, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ fún ìbéèrè A, B, C, D ti Gẹ̀ẹ́sì kò bá ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì mu. Ọmọ yan èyí tó tọ̀nà, wọ́n sì fún un ní òdo. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 754,545 di 1,239,884, 38.32 sì di 62.96. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù ọmọ tí ipò wọn yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn tún ìwé ṣí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú WAEC ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí àṣìṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní gbangba. Ó wù mí kí àwọn àjọ wa mìíràn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ìdájọ́ tí gbogbo wa ti kó lé orí nọ́ḿbà tí kò tọ̀nà. A ti dá tíṣà lẹ́bi, a ti dá ọmọ lẹ́bi, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ḿbà ọ̀hún gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ Ìṣirò ní ilé-ìwé girama. Mo ti rí òbí tó kó ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé tó ń ṣe é lóore nítorí nọ́ḿbà kan tó rí lára pátákó ìpolówó lẹ́bàá títì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nọ́ḿbà náà ń kà. WAEC ní ipele mẹ́sàn-án: A1, B2, B3, C4, C5, C6, D7, E8 àti F9. Láti A1 dé C6 ni à ń pè ní kírẹ́dìtì. Bí ilé-ìwé kan bá kọ ọ́ sára pátákó pé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ òun ló ní kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ohun tó ń sọ ni pé ọgọ́rin fo ìlà tó wà láàárín C6 àti D7, ogún kò sì fò ó. Kò sọ bí àwọn tó fò ó ṣe fò ó ga tó. Kò sọ bóyá ẹsẹ̀ kan péré ló kù fún àwọn tó kù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kò sọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí kó tó sáré.

Ká ní ọmọ méjì wà, Àlàbí àti Ṣadé. Àlàbí wọ JSS 1 láìmọ ìsọdipúpọ̀ orí. Bí ẹ bá ní kó wá méje lọ́nà mẹ́jọ, ìka ló ń kà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó gba D7 nínú Ìṣirò. Ṣadé ní tirẹ̀ wọlé pẹ̀lú máàkì tó ga jù nínú ìdánwò àṣewọlé, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dára ló ti wá, wọ́n sì ń san owó lẹ́sìn fún un nílé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, C6 lòun gbà. Lára pátákó ilé-ìwé, Ṣadé jẹ́ àṣeyọrí, Àlàbí jẹ́ òfo. Ẹ bi tíṣà èyíkéyìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, á sọ fún yín pé ìdàkejì ni. Àlàbí ni ilé-ìwé gbé láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ṣadé ti wà nínú yàrá nígbà tó dé, ó sì ṣeé ṣe kí ilé-ìwé ọ̀hún ti fà á sẹ́yìn.

Ẹ wá fi èyí wo ilé-ìwé méjì. Ọ̀kan ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tó le, àwọn tó mókè níbẹ̀ nìkan ló ń gbà, owó ilé-ìwé rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òbí tó lè san án ni yóò tún lè ra ìwé, iná àti lẹ́sìn. Èkejì jẹ́ ti ìjọba, ọmọ tó bá ti ń gbé àdúgbò ló ń wọlé. Bí ti àkọ́kọ́ bá gba 95, tí èkejì gba 55, kí la ti mọ̀? A mọ̀ pé àwọn ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ mọ̀wé ju àwọn tó jáde ní èkejì lọ. A kò tíì mọ ilé-ìwé tó kọ́ni jù. Ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá nìyẹn, èyí àkọ́kọ́ nìkan ni pátákó sì ń dáhùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa, tí òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń sẹ́ ọmọ kúrò kí ìdánwò tó dé. Ní ìparí SS 2, wọn á pe òbí, wọn á ní ọmọ yìí kò tíì tó gbangba sùn lọ́yẹ́, kó tún kíláàsì ṣe, tàbí kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ibòmíràn. Ká ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ló wọ JSS 1, ọgọ́ta ló dé yàrá WAEC, mẹ́rìnléláàádọ́ta sì yege. Pátákó á kọ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, irọ́ kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún òbí tó gbé ọmọ wá, mẹ́rìnléláàádọ́ta péré ló rí ohun tí wọ́n wá rà. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ka orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ojú bàbá kan tó ń béèrè pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún márùn-ún tẹ́ ẹ ti ń gba owó mi ńkọ́?

Àwọn ará Ẹńgíláǹdì ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Láti 1992 ni ìjọba wọn ti ń tẹ èsì ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé. Nọ́ḿbà tí wọ́n gbé síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba: iye ọmọ tó gba ipele A* (tó ga ju A lọ) sí C nínú iṣẹ́ márùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kún un ní dandan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yani lẹ́nu. Ọmọ tó wà ní D, tí ìtì díẹ̀ lè gbé dé C, di ọmọ pàtàkì. Òun ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun ni tíṣà tó dára jù ń jókòó tì. Ọmọ tó ti dájú pé yóò gba B, tí ì bá gba A* bí wọ́n bá tì í, kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà kò ṣe wọ́n ní nǹkan, nítorí bó ti wù kó tiraka tó, kò ní dé ìlà.

Ní 2016 wọ́n yí i padà. Ìwọ̀n tuntun tí wọ́n pè ní Progress 8 dé. Àwọn òbí wa ní Peckham àti Thamesmead ní London mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, torí pé ó máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń wá ilé-ìwé girama fún ọmọ. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe jọ. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ń ṣe ìdánwò kan náà ní òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣe GCSE, ìdánwò tiwọn tó dà bíi WAEC. Wọ́n á wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó gbogbo ọmọ Ẹńgíláǹdì tó gba irú máàkì tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá jọ, wọ́n á wo ohun tí àwọn wọ̀nyẹn gbà nínú iṣẹ́ mẹ́jọ, tí wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ṣé ọmọ tiwa gba jù wọ́n lọ ni, àbí kò tó tiwọn? Ìyàtọ̀ yẹn ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá pa ìyàtọ̀ gbogbo ọmọ ilé-ìwé kan pọ̀, tí wọ́n pín in, nọ́ḿbà ilé-ìwé náà jáde. Òdo túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè. Bó bá jẹ́ 0.5 lókè òdo, ọmọ ilé-ìwé yẹn ń fi ìdajì ipele ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà nísàlẹ̀ òdo, wọ́n ń fà sẹ́yìn, kódà bí ìwé ẹ̀rí wọn bá kún fún ipele tó dára.

Ẹ rí i pé pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, Àlàbí kì í ṣe òfo mọ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kà. Láti F9 dé E8 ní iyì tirẹ̀, láti B3 dé A1 náà ní tirẹ̀. Tíṣà kò ní ìdí láti fojú fo ọmọ kankan.

Kì í ṣe pé ìwọ̀n náà pé. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, wọn kò ṣe ìdánwò òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2020 àti 2021. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dé GCSE ní 2025 àti 2026, kò sí ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n, Progress 8 kò sì ṣeé ṣe fún wọn. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ni jù: ẹni tí kò kọ ibi tó ti gbéra sílẹ̀, kò lè sọ bí ọ̀nà tó rìn ṣe jìn tó.

Ǹjẹ́ kò ní dára ká kàn má tẹ èsì ilé-ìwé jáde mọ́ rárá? Wales gbìyànjú rẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti dáwọ́ títẹ àtẹ èsì ilé-ìwé jáde dúró, nígbà tí Ẹńgíláǹdì ń bá a lọ. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Bristol fi orílẹ̀-èdè méjèèjì wé ara wọn lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé èsì àwọn ọmọ Wales rẹ̀yìn. Àwọn ilé-ìwé tó mókè jù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn tó kù ló fara gbá a. Mo fi èyí sọ́kàn gidigidi, nítorí inú máa ń bí tíṣà débi pé yóò ní ká sun gbogbo nọ́ḿbà níná. Bí a bá sun ún, ọmọ tálákà tí ilé-ìwé rẹ̀ kò kọ́ ní nǹkan kan ni kò ní ẹlẹ́rìí mọ́.

Ní tiwa, ohun tí a lè fi ṣe irú ìwọ̀n yẹn wà nílẹ̀, a kì í kàn tò ó pọ̀ ni. Ọmọ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà ń ṣe ìdánwò kan náà ní òpin JSS 3. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, WAEC. Bí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ bá so nọ́ḿbà ọmọ méjèèjì pọ̀, wọ́n lè mọ ilé-ìwé tó mú àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn ní JSS 3 tó sì gbé wọn sókè. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò. Mo ti ṣe é fún kíláàsì mi. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan péré ló gbà mí, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí mo parí, torí pé àwọn ọmọ tí mo rò pé mo ti ràn lọ́wọ́ jù kọ́ ni ìwé náà ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ ìfiwéra yìí, ilẹ̀ wa ní àpẹẹrẹ tó gbayì nínú rẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò kàn kó máàkì àwọn ọmọ Yorùbá jáde kí wọ́n ní ẹ wò ó, ó dára. Àwọn ọmọ tó jọ wọ́n ni wọ́n fi wọ́n wé. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà ní tíṣà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ìwé tuntun tí wọ́n kọ fún wọn. Ó tọ́ kí èèyàn béèrè pé èwo nínú rẹ̀ ló ṣe é: èdè ni, àbí tíṣà, àbí ìwé? Èmi gbà pé èdè ló kó ipa tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa mú dání nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ohun tuntun kan ló gbé èsì ilé-ìwé sókè. Kí ló tún yí padà lọ́dún yẹn?

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó yí padà rárá. Ẹ wo ilé-ìwé kékeré tó ní ọmọ mẹ́wàá ní SS 3. Ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ibà bá dá ọmọ méjì dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣirò, ilé-ìwé tó gba 90 lọ́dún tó kọjá di 70. Ilé-ìwé tó ní igba ọmọ, ọmọ méjì tó ṣàìsàn kò lè mì í ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbikíbi tí wọ́n bá ti to ilé-ìwé láti orí dé ìdí, àwọn ilé-ìwé kéékèèké ló máa ń pọ̀ lókè pátápátá, àwọn náà ló sì máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá tún tò wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn kan á ti pààrọ̀ àyè láìṣe ohunkóhun. Mo ti rí i tí wọ́n lé ọ̀gá ilé-ìwé kan nítorí ọdún kan tí èsì já, tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ gba ìyìn ọdún kejì nígbà tí èsì padà sí bó ṣe máa ń rí. Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ máa kó pọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ó kéré tán.

Ibi tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí a bá sọ nọ́ḿbà di pàṣán. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2002, tó ní nígbà tí yóò bá fi di 2014, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà kó sì mọ Ìṣirò dé ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ wọn là kalẹ̀. Gbogbo ọmọ, láìyọ ẹnì kan. Ilé-ìwé tó bá ń kùnà lọ́dọọdún yóò jìyà. Ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́nà tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu, wọ́n sì fi olórí ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà jẹ ẹni tó mókè jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2009. Àmọ́ àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ḿbà náà dáadáa. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n fi ìrésà pa ìdáhùn tí kò tọ̀nà rẹ́ lórí ìwé ọmọ tí wọ́n sì fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Ó pọ̀ ju ohun tí ọmọdé lè dá ṣe lọ. Ìwádìí ìpínlẹ̀ tó jáde ní 2011 rí ọwọ́ olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé 178 nínú rẹ̀, ní ilé-ìwé 44. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá mọ́kànlá nínú wọn lẹ́bi.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ìtàn Atlanta ju ẹ̀wọ̀n lọ ni àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò lè kàwé, tí máàkì rẹ̀ ní ó lè kàwé, kò sí ẹni tí yóò tún jókòó tì í. Wọ́n ti fi ìrésà pa ìṣòro rẹ̀ rẹ́. Kí àwa náà tó na ìka sí wọn, ẹ jẹ́ ká rántí àwọn ibi tí à ń pè ní miracle centre nílẹ̀ wa, níbi tí òbí ti ń san owó kí ìdáhùn lè wà lójú pátákó. Àwọn ilé-ìwé yẹn ló máa ń ní nọ́ḿbà tó dán jù. Bí ilé-ìwé kan bá fò láti 30 sí 98 láàárín ọdún kan, kì í ṣe ìjó ló yẹ ká kọ́kọ́ jó.

Báwo wá ni máàkì ṣe lè tún ilé-ìwé ṣe? Kì í ṣe àpapọ̀ rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Bí ẹ bá sọ fún mi pé kíláàsì mi gba 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ti bà mí nínú jẹ́, ẹ kò tíì sọ ohun tí mo máa ṣe lọ́la. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Mo máa ń fún àwọn ọmọ JSS 2 ní ìbéèrè kan: ¾ + ½ jẹ́ mélòó? A jẹ́ 5/4, B jẹ́ 4/6, C jẹ́ 3/8, D jẹ́ 1. A ló tọ̀nà. Ọmọ tó mú B àti ọmọ tó mú C, òdo ni àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó mú B ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó mú C sọ wọ́n di púpọ̀ dípò kó rò wọ́n pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àmì ni kò wò dáadáa. Lọ́dún kan, nígbà tí mo ka ìdáhùn wọn, ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó mú B. Ẹ gbọ́, bí ọmọ kan bá ṣì í, ọmọ ló ṣì í. Bí ìdajì kíláàsì bá ṣì í sí ibì kan náà, èmi tíṣà ni mo kọ́ ọ kọjá lórí wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo ra búrẹ́dì kan wá sí kíláàsì. Mo gé e sọ́nà mẹ́rin, mo fún ọmọbìnrin kan ní mẹ́ta. Mo ní, kí lo ní lọ́wọ́? Ó ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo ní, bí mo bá tún fi ìdajì búrẹ́dì kún un, ṣé yóò pọ̀ sí i ni àbí yóò dín kù? Gbogbo kíláàsì ní yóò pọ̀ sí i. Mo wá kọ 4/6 sí ojú pátákó, mo ní kí wọ́n wò ó bóyá ó ju ¾ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, “Áà, sà, ẹ ti gba búrẹ́dì rẹ̀!” Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì ń ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Máàkì ló rán mi lọ ra búrẹ́dì yẹn, kì í ṣe àpapọ̀ máàkì, bí kò ṣe lẹ́tà B tí wọ́n kọ sílẹ̀ léraléra.

WAEC fúnra rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ń darí ìmáàkì máa ń kọ ìròyìn lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti ṣubú, àti ohun tó yẹ kí tíṣà ṣe sí i. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà tó bá ka ti ọdún márùn-ún pọ̀ yóò rí i pé àwọn àṣìṣe kan náà ló ń padà wá. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mi ò ní ra ìwé tuntun kankan kí gbogbo tíṣà mi tó ka ìyẹn tán.

Fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ti Íńdíà wá, láti ọwọ́ àjọ Pratham. Ìdánwò wọn kò ju ojú ìwé kan lọ. Ọmọ yóò ka lẹ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkurú, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tó bá dúró sí ni ipele rẹ̀. Kò sí máàkì, kò sí ipò kìíní tàbí ipò ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á pa kíláàsì tì, wọ́n á kó àwọn tó wà ní lẹ́tà jọ, ì báà jẹ́ ìwé kẹta tàbí ìwé karùn-ún ni wọ́n wà, wọ́n á kọ́ wọn ní lẹ́tà títí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún wọ̀n wọ́n, wọ́n á tún wọn tò. Nọ́ḿbà tó jáde kò lọ sára pátákó kankan. Tíṣà ló ń lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó ń wá ilé-ìwé, bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn tí wọ́n na ìwé tó ní 95 lórí sí yín, ẹ gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ẹ wá béèrè iye ọmọ tó wọ JSS 1 lọ́dún tí àwọn wọ̀nyí wọlé, àti iye tó dé SS 3. Kí ẹ béèrè ti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ti ọdún tó dára jù. Kí ẹ sì béèrè nípa àwọn tó wọlé pẹ̀lú máàkì tó kéré jù.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè béèrè ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ní ìpàdé òbí kan tí mo wà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò àṣewọlé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ibo ni wọ́n wà báyìí? Torí pé ọmọ tèmi wà nínú wọn.” Ọ̀gá ilé-ìwé kò bínú. Ó ní kí akọ̀wé lọ wá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọdún yẹn wá. Wọ́n wá a títí kí wọ́n tó rí i, lábẹ́ àpótí kan ní yàrá ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá gbá eruku rẹ̀ dànù, ó ṣí i síwájú gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.